Kí ni kí n kọ́ tí màá fi rí jẹ ní Atosin?

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ Atosin ní Ìdànrè ni mí, mo sì jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún. Mo ti jáde ilé-ìwé girama, mo sì yege nínú WAEC, àmọ́ kò sí owó tí màá fi tẹ̀ síwájú. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ń gbé. Oko kòkó tí Ìyá Àgbà ń ṣe kì í ṣe tiwọn, oko olóko ni. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n máa ń pín kòkó ibẹ̀ sí, ìdá kan péré ló ń kàn wá. Àbúrò mi máa ń bá àwọn èèyàn fín kòkó, ó sì máa ń húkọ́ ní gbogbo òru ọjọ́ tó bá ti oko ìfín dé.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kó àwa ọ̀dọ́ jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún. Wọ́n kọ́ wa ní ọṣẹ olómi, ìlẹ̀kẹ̀ sísín àti kéèkì ṣíṣe. Wọ́n fún wa ní ìwé ẹ̀rí àti ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Mo ṣe ọṣẹ náà lẹ́ẹ̀mejì nílé. Àwọn aládùúgbò rà á nígbà àkọ́kọ́, nígbà kejì kò sẹ́ni tó yà.

Ní báyìí, onídìrí kan ní Àkúrẹ́ ti gbà láti kọ́ mi níṣẹ́ fún ọdún méjì, àmọ́ owó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ìyá Àgbà fẹ́ lọ gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ra kòkó, kí a wá fi kòkó tí a máa ká lọ́dún yìí san án. Wọ́n tún ní àwọn kan ń bọ̀ wá pín fọ́ọ̀mù ìrónilágbára ní ìlú wa. Ṣé kí n lọ sí Àkúrẹ́ ni, àbí kí n dúró de fọ́ọ̀mù? Mi ò fẹ́ kí ọdún méjì mi tún lọ lásán.

Ọmọ Atosin

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí kò ṣeé fi falẹ̀. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ Ìyá Àgbà kí wọ́n má tíì gba owó yẹn. Ẹni tó bá ta kòkó tó ṣì wà lórí igi, iye tí olówó bá pè é ni yóò gbà. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni tiyín, òun náà lẹ ó sì máa jẹ títí di ọdún tó ń bọ̀. Ní ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún já wálẹ̀ gan-an. Nínú ọjà tó ń lọ sókè sódò báyìí, gbèsè tí ẹ bá fi kòkó san lè gbé gbogbo ìpín yín lọ láìku ẹyọ kan. Kò sí owó ìkọ́ṣẹ́ tó yẹ kí a tìtorí rẹ̀ fi oúnjẹ àgbàlagbà dógò.

Ó dá mi lójú pé o kì í ṣe ọ̀lẹ. O délé, o tún ọṣẹ náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ jọ gba ìwé ẹ̀rí ni kò dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọṣẹ yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ wà. Àwọn tó kọ́ yín ti yan ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ yín kí wọ́n tó gbéra láti ilé wọn. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni bèèrè pé ta ni yóò máa ra ọṣẹ olómi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní Atosin, tàbí pé èló ni èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo yín kọ́ ọ, àdúgbò kan náà lẹ gbé e lọ tà, àwọn tó yẹ kó rà á lọ́wọ́ rẹ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n fún yín níṣẹ́, wọn kò fún yín ní oníbàárà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún gbogbo ọ̀dọ́ tó bá bi mí ní irú ìbéèrè yìí pé kó wá oníbàárà kó tó yan iṣẹ́. Má bi ara rẹ pé kí ni kí n kọ́. Kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló ń náwó ní ìtòsí mi, kí ló ń ná an lé lórí, ìgbà wo ni owó náà sì máa ń dọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Atosin, ní Aládé, ní Òdòde, kòkó ló ń gbé owó wọ̀lú. Ìpínlẹ̀ Òǹdó ló ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà, a kò sì lè sọ̀rọ̀ kòkó Òǹdó ká yọ Ìdànrè sílẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá títí wọ oṣù Kìn-ín-ní ni owó ńlá máa ń wọlé, díẹ̀ sì tún ń jáde láàrin oṣù Kẹrin sí Ìkẹfà. Lọ jókòó lọ́jọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó, kí o máa wo ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn tó bá gba owó rẹ̀ tán. Yóò san owó ẹni tó bá a fín oko, owó ẹni tó ro ó, owó àwọn tó fọ́ kòkó tí wọ́n sì sá a, àti owó ọkọ̀ tó gbé e jáde. Yóò sì máa wádìí ibi tí wọ́n ti ń ta ọmọ kòkó tó dára, nítorí igi tí bàbá rẹ̀ gbìn ti darúgbó, èso rẹ̀ kò sì tó nǹkan mọ́. Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí ń gba owó láì kúrò ní Ìdànrè.

Ojú mi wà lára ọmọ kòkó yẹn fún ọ. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí a ń pè ní CRIN, tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ n'Íbàdàn láti ọdún 1964, ti mú irú kòkó mẹ́jọ jáde, TC1 títí dé TC8, tó ń tètè so ju ti àtijọ́ lọ, tó sì ń so dáadáa. Àgbẹ̀ tó ní éékà mẹ́ta kò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó máa wá ọ̀nà Ìbàdàn nítorí èso díẹ̀. Ẹni tó bá lè bá òun àti ogún àgbẹ̀ bíi tirẹ̀ gbà á wá, tó sì lè tọ́jú rẹ̀ dé ìgbà òjò, ni wọn yóò sanwó fún.

Iṣẹ́ náà kò sì gba ilẹ̀ púpọ̀, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹni tí kò ní ilẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé tó wà nítòsí omi ti tó fún ẹgbẹ̀rún kan ọ̀rá. Èso kòkó kan máa ń ní bí ọgbọ̀n sí ogójì kóró nínú, nítorí náà èso bí ogójì yóò fún ọ ní ẹgbẹ̀rún ọmọ kòkó, kódà bí àwọn kan bá kọ̀ tí wọn kò hù. Bí àgbẹ̀ bá gbìn ín ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mẹ́wàá, éékà kan máa ń gba nǹkan bí 435 igi. Ẹgbẹ̀rún tìrẹ yóò tó éékà méjì, yóò sì ṣẹ́kù èyí tí wọn yóò fi rọ́pò àwọn tó bá kú. Ilẹ̀dú ni wàá rọ sínú ọ̀rá dúdú, wàá fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòji lé e lórí. Bí o bá gbìn ín láàrin oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìn-ín-ní, yóò ti tó kó lọ sóko nígbà tí òjò bá rọ dunlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún tàbí Ìkẹfà. Nǹkan méjì ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Èkíní ni pé kóró kòkó kì í pẹ́ kú bí a bá ti yọ ọ́ kúrò nínú èso, wọ́n á gbà á wá, wọ́n á fi í sílẹ̀ lọ síbi ìnáwó, wọ́n á dé bá òkú. Èkejì ni ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà tí oòrùn ń pa ilẹ̀ gan-an ni ọmọ kòkó wà nínú ọ̀rá, bí o kò bá bomi rin ín déédéé, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lè gbẹ láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Kí o tó ra ọ̀rá kan ṣoṣo, lọ bá àgbẹ̀ mẹ́wàá. Bèèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá ní igi tí wọ́n fẹ́ rọ́pò, iye tí wọ́n nílò, àti iye tí wọ́n rà á lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó bá sọ pé òun yóò rà á lọ́wọ́ rẹ, sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kó fi ohun kékeré kan sílẹ̀ ṣe àsansílẹ̀. Bí mẹ́rin nínú wọn bá san án, o ti ní iṣẹ́. Bí kò bá sẹ́ni tó san án, má bínú sí wọn. Wọ́n ti gbà ọ́ lọ́wọ́ àdánù, ìwọ yí ìbéèrè rẹ padà sí nǹkan mìíràn. Ohun tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú wà nínú èèpo kòkó tí gbogbo yín ń dà nù sí ìdí igi, bí àpẹẹrẹ. Eérú èèpo yẹn làwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ, àwọn tó ń ṣe é fún títà sì ń wá a.

Nǹkan mìíràn tún wà tí WAEC rẹ àti fóònù ọwọ́ rẹ lè ṣe. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tí wọ́n ń ra kòkó wa jù, ti ṣe òfin ní ọdún 2023 pé kòkó tó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn oṣù Kejìlá ọdún 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ra kòkó kò jókòó dè é. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà gan-an lórí máàpù. Oko tí kò tó hẹ́kítà mẹ́rin, ojú ibì kan péré ni wọ́n fẹ́. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnì kan ní láti rìn yí ààlà rẹ̀ ká pẹ̀lú fóònù tàbí ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀. Ní agbègbè bíi Ìdànrè, tí oko àwọn kan ti wọ igbó ọba, ọ̀rọ̀ yìí kò ní pẹ́ kó gbóná. Àwọn àgbà tí wọ́n ni oko kò mọ fóònù yẹn lò. Lọ bá àwọn tó ń ra kòkó ní Aládé àti Òdòde, bèèrè bóyá wọ́n ń wá ọ̀dọ́ tó mọ ọ̀nà oko, tó sì lè kọ orúkọ sílẹ̀ láì ṣe àṣìṣe. Iṣẹ́ àsìkò ni o, kì í ṣe èyí tí wàá fi darúgbó, àmọ́ yóò jẹ́ kí o mọ àgbẹ̀ tó pọ̀, àwọn àgbẹ̀ náà ni yóò sì ra ọmọ kòkó lọ́wọ́ rẹ.

Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo ń sọ pé ohun tí mo ń wí dára nítorí pé èmi ló wí i. Ní Lomé, ní Tógò tí kò jìnnà sí wa, àwọn onímọ̀ kó oníṣòwò kékeré 1,500 jọ, wọ́n sì pín wọn sí mẹ́ta. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ìṣirò owó àti bí a ṣe ń polówó ọjà, bí a ṣe ń ṣe é níbi gbogbo. Wọ́n kọ́ àwọn kejì láti máa fi ojú ara wọn wá àyè tí ẹlòmíì kò rí, kí wọ́n fi ara wọn ṣíwájú, kí wọ́n má sì jókòó nígbà tí nǹkan bá le. Ìpín kẹta kò gba ẹ̀kọ́ kankan. Nígbà tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2017, èrè àwọn kejì ti fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ lọ. Èrè àwọn tó kọ́ ìṣirò fi ìdá 11 ga, èyí tó kéré débi pé àwọn onímọ̀ náà kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀kọ́ ló fà á. Fún èmi, ìyẹn ni pé lílọ bá àgbẹ̀ mẹ́wàá tí mo ní kí o lọ bá yẹn, ẹ̀kọ́ gidi ni. Bí o bá ṣe é dáadáa, o ti kọ́ ohun tó pọ̀ ju ti ọjọ́ márùn-ún yẹn lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ irun. Bí ọkàn rẹ bá wà nínú irun dídì ní tòótọ́, mi ò ní dá ọ lẹ́kun. Irun kì í tán lórí èèyàn, kò sì sí ìlú tí wọn kì í ti í ṣe ìyàwó. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni Àkúrẹ́. Owó ilé, owó oúnjẹ àti owó ìkọ́ṣẹ́ yóò pa pọ̀ lé ọ lórí, ọdún méjì tí o fi wà níbẹ̀ ni àwọn tó yẹ kó jẹ́ oníbàárà rẹ ní ilé yóò fi mọ ẹlòmíì. Wá ọ̀gá tó mọṣẹ́ ní Aládé tàbí Òdòde, níbi tí o ti lè máa wálé sùn. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ níwájú àgbàlagbà méjì: oṣù mélòó, èló, ìgbà wo lo máa san án, kí ni wọ́n máa kọ́ ọ, àti èló ni fúrídọ̀ọ̀mù, ìyẹn ayẹyẹ òmìnira tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ti mọṣẹ́ tán tí kò lè kúrò lábẹ́ ọ̀gá nítorí owó ìnáwó fúrídọ̀ọ̀mù. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí irú wọn. Àwọn ọmọ Ígbò tó ń kọ́ òwò kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ló máa ń fún ọmọ iṣẹ́ lówó tó fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ tó bá gba òmìnira. A kò ní irú àṣà yẹn, àmọ́ a lè bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kí inú iṣẹ́ tí o bá ṣe fún un ní ọdún kejì ni o ti san ti fúrídọ̀ọ̀mù. Bí o bá mọṣẹ́ náà tán, ṣe ìdánwò Trade Test ti ìjọba. Ìwé yẹn níye lórí ju èyí tí ọ̀gá fọwọ́ kọ fún ọ lọ, bí o bá fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ níbòmíì lọ́jọ́ iwájú.

Fọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Gbà á, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n má fi ìdúró dè é ṣe iṣẹ́ ṣe. Bí wọ́n bá dé, dìde, kí o sì fi ìrẹ̀lẹ̀ bi wọ́n pé: ta ni yóò máa tọ́ wa sọ́nà lẹ́yìn tí ẹ bá lọ? Ṣé ẹ ó fún wa ní irinṣẹ́, àbí ìwé ẹ̀rí nìkan? Ta ló máa ra ohun tí a bá ṣe? Ètò tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ ní wíwọ̀. Irú rẹ̀ wà. LIFE-ND, tí ìjọba àpapọ̀ àti àjọ IFAD jọ gbé kalẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Òǹdó, ẹni tó ti ní oko tàbí iṣẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n ń fa ọ̀dọ́ ọlọ́dún méjìdínlógún sí márùndínlógójì lé lọ́wọ́, kó lè kọ́ ọ níbi tí iṣẹ́ ti ń lọ. Lọ sí ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba ìbílẹ̀ yín, bèèrè bóyá wọ́n ṣì ń gba orúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Songhai ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí àlùfáà ọmọ Nàìjíríà kan, Godfrey Nzamujo, dá sílẹ̀ ní 1985: ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, nínú oko àti ilé adìyẹ àti odò ẹja ló ti kọ́ ọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ti inú kíláàsì.

Owó irinṣẹ́ ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ṣe rò lọ. Ní àríwá Uganda, lọ́dún 2008, ìjọba fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ lówó, nǹkan bí 382 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi kọ́ṣẹ́ kí wọ́n sì ra irinṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, owó tó ń wọlé fún wọn ti fi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò rí gbà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, àwọn yòókù ti lé wọn bá, nípa iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn. Èyí máa ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ nígbà tí mo bá ń bá ẹni tí kò sẹ́ni tó fún lówó sọ̀rọ̀: owó yẹn mú kí àwọn kan tètè débẹ̀, àwọn tí kò rí i náà sì débẹ̀. Nítorí náà, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igba ọ̀rá bí ẹgbẹ̀rún bá pọ̀ jù. Dá àjọ pẹ̀lú obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí o gbọ́kàn lé, kí ẹni tí ó bá kàn ní oṣù Kẹwàá tàbí Ìkọkànlá jẹ́ ìwọ, torí ìgbà yẹn ni owó ọ̀rá àti èso yóò wúlò. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ bá wà ní ìtòsí, bẹ Ìyá Àgbà kí wọ́n mú ọ wọ̀ ọ́. Má ṣe fọwọ́ kan owó èlé tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́. Òwò tó ní láti dúró de òjò kò lè san án.

Mo fi ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ sẹ́yìn nítorí pé mo fẹ́ kó jẹ́ òun ni wàá kọ́kọ́ ṣe nígbà tí o bá ka ìwé yìí tán. Ọmọ yẹn ní iṣẹ́ tó dára lọ́wọ́. Láàrin oṣù Keje sí Ìkẹsàn-án, nígbà tí òjò bá ń mú èso kòkó dúdú tó sì ń jẹrà lórí igi, àgbẹ̀ kì í bèèrè ẹ̀dínwó lọ́wọ́ afínkòkó. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe é yóò pa á lára. Àwọn bàbá wa fi Gamalín 20 fín oko láì wọ nǹkan kan, oògùn tí ayé ti fòfin dè báyìí nítorí májèlé rẹ̀, a kò sì mọ iye àwọn tó ṣàìsàn nínú wọn. Kó ra ìbòmú tó yẹ fún oògùn, kì í ṣe aṣọ ìnujú tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu. Ìbọ̀wọ́, bàtà òjò àti aṣọ alápá gígùn. Kó má fín lójú afẹ́fẹ́. Kó wẹ̀ kó tó jẹun, kó má sì gbé aṣọ iṣẹ́ wọ yàrá tí ẹ ń sùn. Kó lọ bá òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba kó kọ́ ọ ní bí a ṣe ń po oògùn, nítorí àgbẹ̀ máa ń fẹ́ kó pọ̀ sí i, afínkòkó ló yẹ kó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bó bá mọ èyí, kó má máa dúró de ẹni tó bá pè é mọ́. Kó lọ bá oko mẹ́wàá ṣe àdéhùn fún gbogbo àsìkò òjò, kó kọ ọjọ́ tó fín oko kọ̀ọ̀kan àti orúkọ oògùn rẹ̀ sínú ìwé, nítorí àwọn tó ń ra kòkó ti ń bèèrè irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàrin ọ̀sẹ̀ yìí nítorí ikọ́ náà, kó má sì fín oko kankan títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Fi fóònù rẹ ya àwòrán ohun tí wọ́n kọ sára ike oògùn tó ń lò, kí o fi han nọ́ọ̀sì.